Àlọ́ Kì Í Dùn Láìsí Ẹlẹ́gbè: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tó wọlé lórí àlọ́ àti ìtàn sísọ lóṣù yìí pọ̀ ju ohun tí ojú ewé wa gbà lọ. Mẹ́fà la mú nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ló bèèrè ohun kan náà, wọn yóò rí ìdáhùn tiwọn níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Lọ́jọọjọ́ Ẹtì mo máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdajì, àwọn kan ti ń tòògbé, àwọn yòókù ti ń ta ara wọn nípàá lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Àlọ́ tó dùn gan-an ni mò ń pa. Kí ló dé tí kò wọ̀ wọ́n létí? (Tíṣà kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá iṣẹ́ ẹni méjì ṣe, ìyẹn ló ń sú wọn. Nínú àlọ́ àpagbè, ìdajì iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa á, àwọn tó jókòó yí i ká ni wọ́n ni ìdajì kejì. Bí ẹ bá gba tiwọn mọ́ tiyín, ọwọ́ wọn á dilẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dilẹ̀, àfi kó sùn tàbí kó jà.

Ẹ má ti orí Ìjàpá bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ ni kí ẹ fi ṣí i, márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí ló bọ́ sómi tí kò ró tàló? Abẹ́rẹ́. Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Àgbàrá òjò. Gbogbo ilé sùn, Kánńbó ò sùn? Imú. Èyí tó rọrùn ni kó ṣáájú, kí ọmọ tó ń tijú lè rí ọ̀kan já nínú wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó mú èyí tó ta kókó wá: òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́. Orógùn ni, nígbà tí wọ́n bá tì í bọ inú omi ọkà tó ń hó. Àmọ́ kí ẹ tó pa èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ rò ó bóyá àwọn ọmọ kíláàsì yín ti rí ohun tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ rí. Bí wọn ò bá rí i rí, ìdánwò lẹ fún wọn, ẹ ò pa àlọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ tó ké “Ààlọ́ o!”, ẹ kọ́ wọn ní ègbè orin tó wà nínú àlọ́ náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣì í. Wọ́n á dé ibi orin, wọ́n á wá dúró máa kọ́ àwọn ọmọ, ìtàn á sì tutù pátápátá. Ẹ wo àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ègbè rẹ̀: àlùgbinrin. Ọmọ ọdún méje á ti gbà á bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lílé ni tiyín, níbi tí Ìjàpá ti ń jẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ pé gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, pé ọbẹ̀ ló ta sí òun lọ́wọ́ tí òun fi fọwọ́ kan ẹnu. Ẹ jẹ́ kí orin náà wáyé lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú tó sì gbọ̀nà ilé babaláwo, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, àti nígbà tó dojú bolẹ̀ níwájú babaláwo. Kí ti àkọ́kọ́ yá, nítorí ẹ̀rù ń bà á, eré ló ń sá. Kí ti ẹ̀ẹ̀kẹta falẹ̀, nítorí ikùn ti wúwo, èémí ò sì tó mọ́. Àwọn ọmọ á bá yín fa ègbè náà gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún wọn.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ orin. Bí ọmọdé bá ṣe ń tún orin kọ ló ń gbé e ga sí i. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, tó bá fi máa di ìgbà kẹta, ariwo lásán ni yóò kù.

Fún ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá tó, tòun ti orin. Kí àwọn tó wà nínú ìtàn má ju mẹ́rin lọ. Ẹ má gbé ìwé dání, nítorí ojú àwọn ọmọ ni yóò máa sọ fún yín ìgbà tó yẹ kí ẹ yára àti ìgbà tó yẹ kí ẹ rọra. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ẹ ó gbàgbé, ẹ kọ ìlà mẹ́rin sórí bébà kékeré: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí Ìjàpá ń wá, ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún un, bó ṣe parí. Ìyókù di ti ẹnu yín.

Ohun kan tún wà tó ń ba àlọ́ jẹ́ nílé ìwé ju ohun gbogbo lọ, òun ni kí tíṣà dúró láàárín kó bèèrè pé, “Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́?” Ọmọ tó ń retí bóyá ikùn Ìjàpá máa bẹ́ kò ráyè ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kó parí ná. Ẹ fi agogo ẹnu búra bó ṣe yẹ, kí gbogbo kíláàsì gbá ẹnu pó, pó, pó. Ẹ wá bi wọ́n pé, “Ká ní ẹ̀yin ni babaláwo, ṣé ẹ ó wò ó sàn?” Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa bára wọn jiyàn. Inú àríyànjiyàn yẹn ni ẹ̀kọ́ wà, àwọn ni yóò sì fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 15. Bó bá wo fíìmù wákàtí méjì, á rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì nínú ìwé bàọ́lọ́jì kì í wọ orí rẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni, àbí ìtàn ló kàn ń gba ọmọ lọ́kàn bẹ́ẹ̀? (Bàbá kan, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ọ̀lẹ o, bàbá. Bí orí gbogbo wa ṣe ń ṣiṣẹ́ ni tirẹ̀ ń ṣe. Lọ́dún 1944, Fritz Heider àti Marianne Simmel, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe fíìmù kúkurú kan tí kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Onígun mẹ́ta ńlá kan, onígun mẹ́ta kékeré kan àti róbótó kékeré kan ló ń rìn káàkiri ẹ̀gbẹ́ àpótí kan tó ní ilẹ̀kùn. Wọ́n fi han ènìyàn 34, wọ́n ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ bó ṣe rí lójú, pé onígun wọlé, róbótó jáde. Àwọn yòókù sọ wọ́n di ohun ẹlẹ́mìí. Ọ̀pọ̀ wọn rí ìjà, wọ́n rí olólùfẹ́ méjì, wọ́n rí ẹhànnà tó ń lé wọn kiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n pa ìtàn. Ohun tó bá ṣáà ti ń rìn lójú ọmọ ènìyàn, yóò fẹ́ mọ ohun tó ń wá, ẹni tó ń lé e, àti ibi tó máa já sí. Ìdí nìyẹn tí ìtàn fi ń dùn mọ́ wa, tí ojú ìwé tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ fi ń sú wa.

Ohun tí ẹ lè fi ràn án lọ́wọ́ ti wà ní ìdánwò látọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún 1969, Gordon Bower àti Michal Clark ní Yunifásítì Stanford fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ méjìlá kí wọ́n há a sórí, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí àwọn kan hun ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan di ìtàn. Àwọn kejì há a bó ṣe wù wọ́n. Bí wọ́n bá ṣe ń parí ọ̀wọ́ kan tí wọ́n ń bi wọ́n lójú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì ń gbà á dọ́gba-dọ́gba. Ìgbà tí wọ́n parí ọ̀wọ́ méjèèjìlá, tí wọ́n ní kí wọ́n padà ka gbogbo rẹ̀, ni ìyàtọ̀ yọjú: àwọn tó hun ìtàn rántí nǹkan bíi 93 nínú 100, àwọn yòókù rántí nǹkan bíi 13. Nítorí náà, bí ọmọ bá kàwé lálẹ́ tó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ tún bi í lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ká mú bí ibà ṣe ń wọ ara, tó wà nínú ìwé bàọ́lọ́jì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ báyìí. Olè kan wà, kòkòrò ibà ni, tí kò lè dá ìlú wọ̀, nítorí náà ó gun ẹ̀yìn abo ẹ̀fọn, torí akọ kì í mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọn tu ú sínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ò ṣeé gbé fún un, nítorí náà ó sá wọ inú ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀ ló wà bí ọ̀sẹ̀ kan tó ń di púpọ̀, ara ò sì fura. Wọ́n pọ̀ débi pé ilé ò gbà wọ́n mọ́, nítorí náà wọ́n ya jáde, wọ́n wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tún pọ̀ sí i níbẹ̀, wọ́n fọ́ ọ. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ni ara gbóná. Ẹ kíyè sí i pé “nítorí náà” ló so ìlà kan mọ́ èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kùnà nìyẹn: “lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà” ni wọ́n fi ń so ó, ohun tí kò bá sì fa ohun tó tẹ̀ lé e kì í dúró lórí. Kí ìtàn kan má ju kókó mẹ́wàá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni kó hun ún, kó sì sọ ọ́ sókè fún ẹnì kan tó máa bi í pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?” Ẹ̀yin tàbí àbúrò rẹ̀ lè ṣe ẹni yẹn.

Ìṣirò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àṣetúnṣe ni ìṣirò ń fẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé kò dára kí èèyàn pa àlọ́ lọ́sàn-án? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Èèwọ̀ àtijọ́ ni, iṣẹ́ oko àti ọjà ni wọ́n fi dáàbò bò. Ọ̀sán ni ti iṣẹ́, alẹ́ ni ti àlọ́. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Polly Wiessner, olùwádìí tó bá àwọn ọdẹ Ju/’hoansi gbé ní aṣálẹ̀ Kalahari ní gúúsù Áfíríkà, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 2014: lọ́sàn-án, nǹkan bíi 6 nínú 100 ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ ni ìtàn, ìyókù jẹ́ ti iṣẹ́, oúnjẹ, ẹjọ́ àti àwàdà. Lálẹ́, tí wọ́n bá yí iná ká, ó di 81. Bí tíṣà bá pa àlọ́ ní agogo méjì ọ̀sán, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ bá ní àyè àtiyàn, alẹ́ ni kí ẹ mú, lẹ́yìn oúnjẹ, kí iná yàrá má mọ́lẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo bí àwọn ọmọ mi méjèèjì sí, ọ̀kan pé ọdún mẹ́fà, èkejì mẹ́sàn-án. Wọ́n gbọ́ Yorùbá díẹ̀, wọn ò lè sọ ọ́. Bí mo bá pa àlọ́ ní Yorùbá, wọn ò lóye rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dà bíi pé mo ti pa adùn rẹ̀. Ọ̀nà wo ni kí n gbà? (Ìyá ọmọ méjì, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹ fi nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ ní Yorùbá: ìpè àti ìdáhùn tí ẹ fi ṣí i, orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, àti orin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kúbà ló mú kí èyí dá wa lójú. Ìran àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èdè Sípéènì ni wọ́n ń sọ lónìí. Wọ́n ṣì ń sọ ìtàn àwọn òrìṣà, patakí ni wọ́n ń pè é, èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Orin tí wọ́n ń kọ fún àwọn òrìṣà ṣì wà ní Lùkùmí, tó jẹ́ Yorùbá tó bá wọn dé ọ̀hún. Ìjàpá náà bá wọn débẹ̀, Jicotea ni wọ́n ń pè é nínú àlọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń dá sọ tètè ń sọ nù. Èyí tí ọ̀pọ̀ ẹnu jọ ń gbè ló ń pẹ́.

Ẹ mú àlọ́ kan ṣoṣo fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní sú wọn, ọmọdé fẹ́ràn ohun tó ti mọ̀. Alẹ́ méjì àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni, orin nìkan ni Yorùbá. Ní alẹ́ kẹta àti ẹ̀kẹrin, ẹ mú àwọn gbólóhùn tó ń padà wá nínú ìtàn náà bọ́ sí Yorùbá: “ó rìn, ó rìn, ó rìn”, “ebi ń pa á”, “ó sá lọ.” Ẹ má túmọ̀ wọn, ọwọ́ àti ojú yín ni kó túmọ̀ wọn. Ní alẹ́ karùn-ún àti ẹ̀kẹfà, kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa lé orin, kí àbúrò rẹ̀ máa gbè é. Ní alẹ́ keje, kí wọ́n pa á fún ìyá àgbà lórí fóònù.

Nípa ti fóònù: ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé òdìkejì. Bí ìyá àgbà bá ń bá wọn gbè pọ̀, orin á dàrú, gbogbo yín á sì dákẹ́. Ẹ bá ìyá àgbà sọ ọ́ ṣáájú pé kí wọ́n lé orin tiwọn, kí wọ́n sì dákẹ́ títí àwọn ọmọ yóò fi gbè é tán. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tún àmì ohùn àwọn ọmọ ṣe láàárín àlọ́. Ọmọ tí wọ́n bá fi ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ la ẹnu náà mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Olè, irọ́ àti ọ̀kánjúà ló kún inú àlọ́ Ìjàpá. Ṣé kò ní kọ́ ọmọ mi ní ìwàkiwà? (Ìyá kan, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, Ìjàpá ló ń jìyà níkẹyìn, ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí págunpàgun sì ni àlọ́ kan fi jẹ́rìí. A ò ní sọ pé bó ṣe ń rí nìyẹn nígbà gbogbo. Irọ́ pé wọ́n fẹ́ fi Erin jọba ló fi mú Erin wọ ìlú, tó fi jìn sí kòtò tí wọ́n gbẹ́ dè é, Ìjàpá ò sì jìyà kankan. Ẹ má ṣe yọ irú èyí kúrò. Inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí ẹlẹ́tàn ṣe ń fi oyè àti ìyìn gbé ènìyàn lọ, kó tó pàdé ẹlẹ́tàn gidi lóde.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ọjọ́ orí. Àlọ́ Olúrónbí, tó fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò, kì í ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni yóò gbọ́ nínú rẹ̀, kò sì ní sùn. Tó bá ti tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ, yóò gbọ́ ti ẹ̀jẹ́ àti ohun tí ìlérí ń dá sílẹ̀.

Nípa bóyá ìtàn ń tún ìwà ṣe: láàárín àwọn Agta, ọdẹ àti apẹja ní orílẹ̀-èdè Philippines, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 ní àgọ́ 18 fi hàn pé àgọ́ tí àwọn tó mọ ìtàn sọ pọ̀ sí ni wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ jù. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n yan ẹni tí wọ́n máa fẹ́ bá gbé, wọ́n yan ọ̀jáfáfá nínú ìtàn ní ìlọ́po méjì ju àwọn yòókù lọ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá bàbá mi ti lé ní 80 ọdún, wọ́n mọ àlọ́ púpọ̀. Mo gbé fóònù sí wọn lẹ́nu kí n lè gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì ni àlọ́ tí mo mọ̀ pé ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú gbà, kò sì sí orin nínú rẹ̀. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? (Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Kò sí ẹlẹ́gbè ni. Màmá ròyìn àlọ́ náà fún fóònù, wọn ò pa á. Ẹ kó ọmọdé mẹ́ta tàbí mẹ́rin jókòó síwájú wọn lálẹ́, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí ojú wọn ò ti ní máa lọ síbẹ̀. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ ti nẹ́tíwọ̀kì fóònù pa kí ìpè má bàa wọlé. Ẹ má gbé e lé tábìlì lásán, torí gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kan tábìlì ni yóò ró nínú rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, kí ìdí fóònù, níbi tí ó ti ń gba ohùn, kọjú sí màmá, kó má sì jìnnà sí wọn ju ìwọ̀n apá kan lọ. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan dánwò, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí màmá bá gbàgbé ibi tí wọ́n dé, ẹ má sọ ọ́ fún wọn. Ẹ ní kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ègbè. Orin máa ń mú ìyókù wá.

Ohùn wákàtí kan kì í sábà ju 30 sí 60 megabáìtì lọ, nítorí náà ẹ má gé ohunkóhun kúrò, kódà ibi tí wọ́n ti sinmi. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kó má bàa dín ohùn náà kù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì, ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà. Kí ọjọ́, ìlú àti orúkọ màmá jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ohun tí kò yé yín lè ṣeé bi wọ́n, ẹ sì kọ Ìjẹ̀bú wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ẹ má tún un kọ sí Yorùbá ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.